Bí Iowa Ṣe Dá Koríko Ìbílẹ̀ Padà sí Etí Títì

Ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, tí oko àgbàdo àti sóyà gbà kan lónìí, jẹ́ pápá koríko gíga nígbà kan rí, ṣùgbọ́n èyí tó ṣẹ́ kù nínú pápá náà kò tó ìdá kan nínú 100, èyí ló fà á tí etí títì ìgbèríko, ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí àgbẹ̀ kò ro, fi di ibi tí wọ́n ti ń dá koríko náà padà. Òfin ọdún 1988 ló fìdí iṣẹ́ náà múlẹ̀, tó sì ya owó sọ́tọ̀ fún un.

Koríko ọlọ́dún-púpọ̀ ni wọ́n ń gbìn, ìyẹn èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ kì í kú bí ewé rẹ̀ tilẹ̀ gbẹ, gẹ́gẹ́ bí eèsún ṣe ń rú padà lẹ́yìn iná ẹ̀ẹ̀rùn. Èyí tí wọ́n ń pè ní big bluestem lè ga ju ènìyàn lọ, gbòǹgbò rẹ̀ a sì wọlẹ̀ ju mítà méjì lọ, tí àgbàrá kò fi ní rí ilẹ̀ náà wọ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ irúgbìn ni wọ́n ṣe dáadáa jù. Láti ọdún 1990 ni University of Northern Iowa ti ṣètò kíkó irúgbìn láti inú ìwọ̀nba pápá àtijọ́ tó ṣẹ́ kù, tí wọ́n sì pín ìpínlẹ̀ náà sí ẹkùn mẹ́ta, àríwá, àárín àti gúúsù, kí koríko tí ojú ọjọ́ ẹkùn kan ti mọ́ lára lè hù níbẹ̀. Iṣẹ́ sùúrù gbáà ni, nítorí irúgbìn náà ní irun wínníwínní tó ń mú un so mọ́ra, tí kì í fi í jábọ́ geere nínú ẹ̀rọ ìfúnrúgbìn lásán, bẹ́ẹ̀ ni kò sì gbọdọ̀ wọlẹ̀ jìn. Ní ọdún àkọ́kọ́, gbòǹgbò ló ń gba agbára rẹ̀, èpò nìkan ni èrò ọ̀nà sì ń rí, tí ẹni tí kò mọ̀ yóò fi rò pé owó ìlú ti ṣòfò; ó sábà máa ń di ọdún kẹta kí koríko náà tó gba ilẹ̀.

Òfin tún ka gígé koríko etí títì léèwọ̀ ṣáájú ọjọ́ 15 oṣù Keje, yàtọ̀ sí àwọn ibi bíi oríta tí koríko lè dí awakọ̀ lójú, kí ẹyẹ tó ń yé sílẹ̀ lè pa ọmọ. Ìpinnu tó dára gidi ni.

Ibi tí wọ́n ti kù díẹ̀ káàtó ni pé òfin náà kò fi dandan mú ìjọba ìbílẹ̀ 99 tó wà ní Iowa láti ṣètò iṣẹ́ yìí. Ó fi í sílẹ̀ fún ìfẹ́ inú kálukú wọn. Iṣẹ́ tó gba ọdún mẹ́ta kó tó hàn kò yẹ kó dúró lé ìfẹ́ inú, ó sì tọ́ kí àwọn aṣòfin Iowa tún ibẹ̀ ṣe.