Ọfà Iná àti Ara tí Iná Kò Ràn: Àgbéyẹ̀wò Òfin Agbára nínú Iṣẹ́ Àtinúdá

Ìfáárà

Ìbéèrè kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama máa ń bi ara wọn, tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ sì máa ń fi ẹ̀rín dà nù: bí ohun ìjà tí ó lè gé ohun gbogbo bá pàdé irin tí ohunkóhun kò lè gé, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Lóde òní, fíìmù ni ó ń gbé ìbéèrè náà dé kíláàsì. Ọmọ tí ó ti wo Star Wars mọ idà ìmọ́lẹ̀ tí àwọn jagunjagun Jedi ń lò. Ọmọ tí ó ti wo Black Panther, tí ó jáde ní ọdún 2018, mọ vibranium, irin ilẹ̀ Wakanda tí ọta ìbọn kì í ràn. Akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ tí ó bá lọ fún ìdánrawò ìkọ́ni ní Okitipupa, Igbótako, Ìlútìtun tàbí Òde-Ìrèlè lè bá irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ pàdé. Bí ó bá dáhùn pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀, ó ti pa ọmọ tí ó ń ṣe lámèyítọ́ lẹ́nu mọ́.

Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé ìbéèrè lítíréṣọ̀ gidi ni. Yorùbá sì ti ní iṣẹ́ tí ó gbé e yẹ̀ wò kí aráyé tó gbọ́ orúkọ vibranium ní ọdún 1966, kí wọ́n sì tó rí idà ìmọ́lẹ̀ ní ọdún 1977. Iṣẹ́ náà ni Ọba Kò So, eré Dúró Ládípọ̀.

Iná nínú Ọba Kò So

Ọdún 1963 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe eré yìí ní Òṣogbo. Ní ọdún 1964, ẹgbẹ́ Ládípọ̀ gbé e lọ sí àjọ̀dún ní ìlú Berlin ní ilẹ̀ Jámánì. Iná gba ipò pàtàkì nínú rẹ̀. Ṣàngó ọba ń yọ iná lẹ́nu. Tìmì, jagunjagun tí ọba rán lọ sí Ẹdẹ, ni a ń pè ní Ọlọ́fà-iná. Gbọ́nkáà, jagunjagun kejì, kò ní iná. Ọfọ̀ ni ó gbójú lé. Bí a bá ní kí ẹni tí kò mọ ìtàn náà sọ ẹni tí yóò borí, Tìmì ni ọ̀pọ̀ yóò mú, nítorí ohun ìjà tirẹ̀ ni ó hàn sójú.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọfà ni ó parí ìjà Ẹdẹ. Ọfọ̀ Gbọ́nkáà mú kí oorun gbé Tìmì lọ, wọ́n sì gbé e dé Ọ̀yọ́. Ọkàn ọba kò balẹ̀. Ó ní kí àwọn méjèèjì tún jà lójú òun. Oorun tún gbé Tìmì, Gbọ́nkáà sì pa á. Ẹ̀yìn èyí ni ọ̀rọ̀ tó kan ti kí wọ́n sun Gbọ́nkáà níná. Wọ́n sun ún, ó sì jáde wá láìjóná.

Ètò ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ṣe pàtàkì. Bí eré náà bá ti kọ́kọ́ fi hàn wá pé iná kò ran Gbọ́nkáà, a kò ní bẹ̀rù fún un ní Ẹdẹ rárá. Ìgbà tí Tìmì ti kú tán ni a tó mọ̀ pé ọfà iná lè má rí ara náà gbé ṣe. Nígbà náà, ìbéèrè ti kúrò lórí Tìmì, ó ti dé orí ọba. Ọba tí iná jẹ́ àmì agbára rẹ̀ ti bá ìránṣẹ́ tí iná kò ràn pàdé. Kí ni ó kù tí ó lè fi pàṣẹ fún un? Ìdí nìyí tí Gbọ́nkáà fi lè sọ fún Ṣàngó pé kí ó kúrò lórí ìtẹ́. Ìbéèrè nípa ohun ìjà ti di ìbéèrè nípa àṣẹ àti òpin àṣẹ.

Bí a ti ń gé irin ní tòótọ́

Kí á tó kọjá sí fíìmù, ó yẹ kí á wo ìsọ̀ àwọn wẹ́dà. Iná gáàsì tí wọ́n fi ń gé irin kò gé e bí ọ̀bẹ ṣe ń gé iṣu. Iná náà yóò kọ́kọ́ mú irin pọ́n, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí ó ń tú jáde yóò wá jó irin náà, yóò sì gbá èérún rẹ̀ dà nù. Ọ̀nà yìí gé irin lásán dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni irin kì í yọ́ àfi bí ooru bá tó nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 1,538. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà kò gé alumíníọ́mù, tí ó ń yọ́ ní 660 péré, nítorí pé èépá tí ọ́síjìn ń dá sí ara rẹ̀ kì í yọ́ àfi bí ooru bá kọjá 2,000. Èyí tí ó rọ̀ ni ó ṣòro fún iná yìí láti gé. Nítorí náà, "èwo ni ó le jù?" kò tó ní ìbéèrè. Ohun tí ó yẹ kí á bèèrè ni pé: báwo ni ti ọ̀hún ṣe ń gé, báwo sì ni tibí ṣe ń kọ̀?

Idà ìmọ́lẹ̀ àti vibranium

Nínú The Phantom Menace (1999), Qui-Gon Jinn ti idà rẹ̀ bọ ilẹ̀kùn irin nípọnnípọn. Irin náà pọ́n, ó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, ọ̀tá sì dé kí ó tó parí. Ooru ni idà náà fi ń ṣiṣẹ́, ó sì ń gba àkókò. Ní ti vibranium, ohun tí wọ́n tẹnu mọ́ jù ni pé ó máa ń gba agbára ohun tí ó bá lù ú sínú ara rẹ̀. Òfin ìkíní dá lé ooru, òfin kejì dá lé ìlù àti ìgbọ̀nrìrì. Òfin kan kò bá èkejì sọ̀rọ̀. Òótọ́ ni pé ilé-iṣẹ́ Disney ra Marvel ní ọdún 2009, tí ó sì ra Lucasfilm ní ọdún 2012, ṣùgbọ́n olówó kan náà kò sọ ayé méjì di ọ̀kan. Ẹni tí ó bá ń wá ìdájọ́ láàárín wọn ń wá adájọ́ níbi tí kò sí kóòtù.

Nínú ayé kan ṣoṣo, ìdájọ́ ṣeé ṣe. The Mandalorian fi hàn ní ọdún 2020 pé irin beskar lè dá idà ìmọ́lẹ̀ dúró. Àmọ́ òǹkọ̀wé lè tún òfin tirẹ̀ fúnra rẹ̀ tẹ̀ lójú. Nínú Avengers: Endgame (2019), Thanos fi idà gé apata vibranium ti Captain America wẹ́lẹwẹ̀lẹ, fíìmù náà kò sì sọ ohun tí ó jẹ́ kí idà yẹn lè gé e. Ẹ̀rù bà wá, ṣùgbọ́n a kò lóye. Àbùkù ni èyí lójú lámèyítọ́.

Ohun tí èèwọ̀ ń ṣe

Ìtàn Yorùbá kì í sábà fi agbára sílẹ̀ láìní èèwọ̀. Àwọn Igbò tí ó ń dààmú Ifẹ̀ dà bí ẹni tí a kò lè ṣẹ́gun, títí Mọ́remí fi mọ̀ pé ìko ni wọ́n wọ̀, iná sì ni ọ̀tá ìko. Ẹni tí ó ní òkígbẹ́ náà ní ohun tí kò gbọdọ̀ jẹ tàbí ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe. Ibi èèwọ̀ ni ìtàn ti ń rí ẹnu ọ̀nà wọlé.

Ẹnìkan lè sọ pé òkígbẹ́ àti ọfọ̀ jẹ́ ohun ìgbàgbọ́, pé kò yẹ kí á kà wọ́n mọ́ irin inú fíìmù. A gbà pé ìgbàgbọ́ ní ààyè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọfọ̀ bá ti dé orí ìtàgé, ó ti di ara ọ̀nà ìṣẹ̀dá eré. A sì lè bèèrè bóyá òǹkọ̀wé lò ó bí ó ti yẹ láìfi ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìgúnlẹ̀

Bí àríyànjiyàn yìí bá bẹ́ sílẹ̀ ní kíláàsì, kí olùkọ́ bèèrè nǹkan mẹ́ta: ọ̀nà wo ni agbára náà ń gbà ṣiṣẹ́? Níbo ni iṣẹ́ náà ti sọ òpin rẹ̀ fún wa? Kí ni òpin náà fi hàn nípa ẹni tí ó ni agbára? Kí ó sì máa béèrè ẹ̀rí láti inú iṣẹ́ náà fún ìdáhùn kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí ó bá lè fi ẹ̀rí hàn pé ọfà Tìmì kò lè pa Gbọ́nkáà, tí ó sì lè sọ ìdí tí èyí fi gbé ẹ̀rù lé Ṣàngó lọ́kàn, ti kọjá àríyànjiyàn ẹni tí ó le jù. Ó ti ń ka eré.