Ẹ̀rín Dé, Orúkọ Ayàwòrán Dà?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Bí ẹ̀rín bá wọ inú ọ̀rọ̀, ẹni tó ń bínú pàápàá á jókòó gbọ́ ọ. Iṣẹ́ tí àwòrán ẹ̀fẹ̀, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní kàtúùnù, ń ṣe nìyẹn. Inú ìwé ìròyìn la ti ń rí i tẹ́lẹ̀. Lónìí, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni àwọn ọ̀dọ́ ń gbé e sí, àwa náà sì ń gbà á lórí fóònù láràárọ̀, à ń fi í ránṣẹ́ sí ara wa. Ní ọdún yìí, a fẹ́ yẹ iṣẹ́ náà wò: kí ló dára níbẹ̀, kí ló sì kù díẹ̀ káàtó?

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Akinọla Laṣekan, ọmọ Ọ̀wọ̀ tí wọ́n bí ní ọdún 1916, fi àwòrán bá ìjọba amúnisìn wí nínú ìwé ìròyìn West African Pilot ní àwọn ọdún 1940. "Lash" ló ń kọ sí ara àwòrán rẹ̀. Bí inú bá bí òyìnbó, ó mọ ẹni tó yà á. Ní ọdún 1976, Wale Adenuga gbé Ikebe Super jáde, Papa Ajasco, Boy Alinco àti Miss Pepeiye sì di ará ilé wa. Ẹni tó rà á mọ ẹni tó ni í, owó ọjà sì ń padà sọ́wọ́ ẹni tó ṣiṣẹ́.

Àwọn tó ń ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì lókè òkun náà ní ẹ̀kọ́ fún wa. Randall Munroe, ará Amẹ́ríkà tó ti bá NASA ṣiṣẹ́ rí, bẹ̀rẹ̀ xkcd ní ọdún 2005. Àwọn èèyàn inú àwòrán rẹ̀ kò ní ojú, wọn kò ní imú. Ìlà tín-ín-rín ni ara wọn, orí wọn sì rí roboto. Síbẹ̀ wọ́n ń pa wá lẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ tó fi sí wọn lẹ́nu kò gùn, ó sì bọ́ sí àkókò. Munroe gba gbogbo ayé láàyè láti pín àwòrán rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, bí a bá ti sọ pé òun ló ni í, tí a kò sì fi ṣòwò. Àwọn ayàwòrán bẹ́ẹ̀ tún máa ń gba iṣẹ́ ara wọn ṣe: bí ara ọ̀kan kò bá yá, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á yàwòrán sí ìkànnì rẹ̀, orúkọ ẹni tó bá a ṣe é á sì hàn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Nílé níbí, àwọn ọ̀dọ́ wa ń gbìyànjú. Wọ́n mọ ẹ̀fẹ̀ tó wà nínú iná tí kò dé, nínú ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé, àti nínú ọkọ̀ èrò. Èyí tó dára jù nínú wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àpótí ìkẹyìn ló ń já ẹ̀rín sílẹ̀.

Níbo wá ni àléébù wà? Ọwọ́ àwa tí à ń pín in ló wà. Ẹnì kan á gé ìsàlẹ̀ àwòrán kúrò kí ó lè gba ojú fóònù; ìsàlẹ̀ yẹn gan-an ni orúkọ wà. Ẹlòmíràn á lẹ orúkọ ara rẹ̀ mọ́ ọn. Àwa olóòtú ìwé yìí náà jẹ̀bi. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, a mú àwòrán ẹ̀fẹ̀ kan lórí WhatsApp, a tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìrántí wa. Gbogbo wa la rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, tó wà nílé-ẹ̀kọ́ girama, wá bi wá pé, "Ẹ̀yin bàbá, ta ló yà á?" Kò sí ẹni tó lè dáhùn. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ayàwòrán náà, níbikíbi tó bá wà.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí ju ọ̀rọ̀ owó lọ. Àwa tí à ń gbé láàárín àwọn ẹ̀yà mìíràn mọ̀ pé àwòrán kan ṣoṣo lè dá ìjà sílẹ̀ nínú ọjà. Nínú èyí tí à ń rí gbà, àwọn tó ń fi Hausa, Ìgbò tàbí Yorùbá ṣe yẹ̀yẹ́ burúkú ni kì í sábà ní orúkọ lára. Ẹni tó mọ̀ pé òun yóò fọwọ́ sí iṣẹ́ òun á rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Orúkọ ni oúnjẹ ayàwòrán. Orúkọ náà sì ni ìjánu rẹ̀.

Ìmọ̀ràn wa kò pọ̀. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá fẹ́ pín àwòrán, ẹ má gé orúkọ kúrò. Èyí tí kò bá ní orúkọ, tó sì ń bú ẹ̀yà ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ kó kú sọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń yàwòrán, ẹ kó ara yín jọ, ẹ máa yẹ iṣẹ́ ara yín wò kó tó jáde. Ní tiwa, láti ọdún yìí lọ, àwòrán tí a kò bá gba àṣẹ ẹni tó yà á kò ní wọ inú ìwé yìí mọ́. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Ẹ jẹ́ ká fi tiwọn sílẹ̀ fún wọn.

Àṣèyí ṣàmọ́dún o.