Ta Ni Orí Isaac Gbé e Pàdé?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń kọ́ Yorùbá, tí ẹ bá wọ ibi ìpamọ́ ìwé láti wá àwọn sójà wa tó jagun ní Bọ́mà, ìwé àwọn ọ̀gá òyìnbó lẹ máa kọ́kọ́ rí: iye ènìyàn, iye ìbọn, ibi tí wọ́n pàgọ́ sí. Bíi 90,000 ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó lọ sí Éṣíà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wọn ló fọwọ́ ara wọn kọ ohun tójú wọn rí. Ìdí nìyẹn tí ìwé Isaac Fadoyebo fi ṣe pàtàkì.

Ọmọ Emùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀ ni. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọṣẹ́ ológun ní 1942. Ìtọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, àwọn ọmọ ogun Japan lúgọ dè wọ́n ní àfonífojì Kaladan. Ìbọn fọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ó sì bà á níkùn. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, ló ṣẹ́kù nínú igbó. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan tó ń jẹ́ Shuyiman ló ń wá oúnjẹ fún wọn, tó sì wá gbà wọ́n sílé, títí tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi padà dé ní oṣù kejìlá.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Fadoyebo fi kọ ìtàn yìí. Ẹ̀dà rẹ̀ wà ní Imperial War Museum ní London, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní Yunifásítì Wisconsin ní Madison lọ́dún 1999, pẹ̀lú àkọlé *A Stroke of Unbelievable Luck*.

Kí ni mo fẹ́ràn níbẹ̀? Kò yangàn. Kò sọ ara rẹ̀ di akọni. Ó jẹ́ ká mọ̀ pé ẹlòmíràn ló gba òun là.

Ṣùgbọ́n àkọlé yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Luck tí Gẹ̀ẹ́sì ń wí, bí òjò ló ṣe ń rọ̀ léni lórí. Ẹnikẹ́ni kò ṣiṣẹ́ fún un. Nílé wa ńkọ́? Tí màmá mi bá ń ṣàdúrà fún mi kí n tó rìnrìn àjò, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé, "Orí ẹ á gbé ẹ pàdé aláàánú." Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ènìyàn wà nínú oríire yẹn.

Ẹ lè sọ pé Isaac ṣáà yin Shuyiman nínú ìwé náà. Òótọ́ ni. Àmọ́ ojú ẹni tó dùbúlẹ̀ àìsàn nìkan la fi ń rí i. Tí àwọn ará Japan bá ká àwọn àlejò yẹn mọ́ ilé rẹ̀, kí ni ì bá ṣẹlẹ̀ sí òun àti ìdílé rẹ̀? Kí ni ìyàwó rẹ̀ sọ? Shuyiman kò fi ìwé kankan sílẹ̀ fún wa. Ẹ̀bi Isaac kọ́ nìyẹn o. Ẹni tó lè kọ̀wé ni ibi ìpamọ́ ìwé sábà máa ń rántí.

Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Isaac dúpẹ́. Ní 2011, akọ̀ròyìn Barnaby Phillips bá a mú lẹ́tà ìdúpẹ́ lọ sí Bọ́mà. Shuyiman ti kú, ṣùgbọ́n ó bá ìdílé rẹ̀ níbẹ̀, ó sì ka lẹ́tà náà fún wọn. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Isaac náà kú. Lójú tèmi, lẹ́tà yẹn ló parí ìwé náà, kì í ṣe ojú ewé tó gbẹ̀yìn.

Nítorí náà, tí ẹ bá ń ka ìwé sójà kankan, ẹ má kàn bèèrè ẹni tó kọ ọ́. Ẹ bèèrè ẹni tó wà nínú ẹ̀ tí kò kọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ àwọn àgbà ilé yín láago. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n mọ nǹkan tí kò sí nínú ìwé.