Àlùfáà Ọmọ Ọba àti Àwọn Ajagun inú Ìwé Rẹ̀

Ẹni tí ó bá ń ka ìwé Ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kò gbọdọ̀ gbàgbé pé ìran Aláàfin Abíọ́dún ni òǹkọ̀wé náà, àti pé iṣẹ́ àlùfáà kò mú ọmọ ọba kúrò lára rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ní irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ní ayé àtijọ́. Ọmọ-ọmọ ọba ni Henry Beaufort, bíṣọ́ọ̀bù Winchester. Ó di kádínà ní 1426, ó ń yá ọba lówó, ó sì lọ sí ogun ní Bohemia ní 1427. Johnson kò lówó tí yóò yá ọba, kò sì kó ogun lọ ibì kan. Gègé ni ó ní.

Hastings ní Sàró ni wọ́n bí i sí ní 1846. Ọmọdé ni nígbà tí ó dé Ìbàdàn. Ó ṣe olùkọ́ níbẹ̀, kí ó tó lọ di àlùfáà ní Ọ̀yọ́. Àwa tí à ń gbé Òjóò, tí ọkọ̀ Ọ̀yọ́ ń gba iwájú wa kọjá tọ̀sán-tòru, a máa ń rò pé ìlú méjèèjì kò jìnnà síra. Nínú ìwé yìí, wọ́n jìnnà: Ọ̀yọ́ ni adé wà, Ìbàdàn ni idà wà, ọkàn òǹkọ̀wé sì wà lọ́dọ̀ adé.

Ẹ wo ìtàn Baṣọ̀run Gáà. Kò sí ibi tí Johnson ti kọ̀wé dáradára ju ibẹ̀ lọ. Gáà ń fi ọba jẹ, ó ń pa ọba. Abíọ́dún fi sùúrù àti ọgbọ́n dè é, títí ó fi fi ọwọ́ Ọ̀yàbì, Kakaǹfò tí ó wà ní Àjàṣẹ́, bì í ṣubú ní 1774. Ìtàn náà dùn púpọ̀, ṣùgbọ́n baba ńlá òǹkọ̀wé ni akọni rẹ̀. Ìgbà Aólẹ̀, ẹni tí ó jẹ lẹ́yìn Abíọ́dún, ni Johnson bẹ̀rẹ̀ sí ka ìwólulẹ̀ Ọ̀yọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ ni ní 1783, nígbà tí Abíọ́dún ṣì wà lórí oyè, àwọn Bàrìbá ti ṣẹ́gun Ọ̀yọ́. Àwọn òyìnbó etí òkun ni ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ìdí ilé ti ń jẹrà kí òrùlé tó jò. Èmi kò sọ pé Johnson purọ́. Ẹnu àwọn arọ́kin ààfin ni ó ti gbọ́ tirẹ̀, arọ́kin kì í sì í ka ìṣubú ọba fún ìran ọba.

Òṣùwọ̀n kan náà ni ó fi wọn àwọn ajagun ìgbà tirẹ̀. Kúrunmí ti Ìjàyè kọ̀ láti tẹrí ba fún Adélù, nítorí àṣà ni pé kí Àrẹ̀mọ bá baba rẹ̀ kú. Johnson sọ ìdí yìí fún wa, ṣùgbọ́n ìwà ìkà Kúrunmí ni ó pọ̀ jù lójú ìwé. Látòósà kò rí ojú rere rárá. Ikú Ẹfúnṣetán ní 1874, ikú àwọn olóyè tí Ààrẹ lé sí ọ̀run, ogun Kírìjì tí ó bẹ́ ní 1877, gbogbo rẹ̀ ni a gbé ka orí ìgbéraga ọkùnrin kan. Kò sí adé ní Ìbàdàn nígbà náà. Ẹni tí apá rẹ̀ bá ká a ni ó ń jẹ oyè. Ó ṣòro fún ọmọ ọba láti gbọ́ irú ètò bẹ́ẹ̀ yé.

Síbẹ̀, kò bo ìyà tí àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn fi jẹ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà mọ́lẹ̀, ohun tí ẹlòmíràn ìbá fi pamọ́. Ibi tí ó sì ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yí padà. Ní 1886, òun àti Charles Phillips wà láàárín ibùdó méjèèjì títí àwọn ọmọ ogun fi tú ká ní oṣù September. Níhìn-ín, àwọn ajagun ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń jiyàn, wọ́n ń bẹ̀rù ara wọn. Wọn kì í ṣe ìkà inú àlọ́ mọ́. Kò sì fi àṣeyọrí nìkan hàn wá: àdéhùn ní kí Mọdákẹ́kẹ́ kúrò lórí ilẹ̀ Ifẹ̀, wọn kò sì kúrò nígbà náà. Àwọn ojú ìwé wọ̀nyí ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ kà, kí ó tó padà lọ bá Gáà.