Yọ 87 kúrò nínú 403

Olùkọ́ á sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: ẹ yọ 87 kúrò nínú 403. Á fi rúlà lu tábìlì, gbogbo orí á tẹ̀ ba, ṣọ́ọ̀kì á máa ha síléètì. Á tún lù ú, ọwọ́ á dúró. Tó bá lù ú lẹ́ẹ̀kẹta, gbogbo síléètì á gòkè pa pọ̀, kò ní sáyè láti yọjú wo ti ẹnìkejì. Ilé ẹ̀kọ́ La Martinière ní Lyon, nílẹ̀ Faransé, ni ọgbọ́n yìí ti ṣẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, òun ni wọ́n sì ń lò ní kíláàsì CM1 àti CM2 (ọdún karùn-ún àti ìkẹfà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀) ní Abidjan títí dòní.

Ìró rúlà ni àlejò máa ń rántí. Ní tèmi, iye tí olùkọ́ yàn ni mò ń wò. 403 kò ṣèèṣì bọ́ lẹ́nu rẹ̀; òdo àárín yẹn ló fi dẹ pańpẹ́. Ọmọ tó kọ 316 ti gbà á. Èyí tó kọ 484 ń yọ kékeré kúrò nínú ńlá ṣáá, kò bìkítà èwo ló wà lókè. Ẹni tó kọ 326 mọ bí wọ́n ṣe ń yá mẹ́wàá fún 3, àmọ́ kò san án ní ipò ẹ̀wá. Ẹni tó kọ 416 rántí gbèsè àkọ́kọ́, ó gbàgbé èyí tó wà ní ipò ọgọ́rùn-ún. Ká ní 458 yọ 123 ló pè ni, ẹni tó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀ ni ì bá jọ kọ 335, olùkọ́ á sì lọ sílé láìmọ ohun tó ń ṣe wọ́n.

Nítorí náà, kì í pe ẹni tó gbà á síwájú. Ẹni tó kọ 326 ló ń pè, á ní kó tún un ṣe sókè ketekete. (Kíláàsì tí wọ́n bá ti ń fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ yìí ti bàjẹ́ níbẹ̀.)

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ kíláàsì yìí ti ń ṣírò kí wọ́n tó mú síléètì dání. Ní ọjà Adjamé ní Abidjan, ẹni tó ń fi èdè Júlà nájà ń ka owó ní fránkì márùn-ún márùn-ún. Tó bá ní ogún, 100 fránkì ló ń wí. Tó bá ní ọgọ́rùn-ún, 500 ni. Ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ tajà níbẹ̀ ń fi 5 sọ owó di púpọ̀, ó tún ń fi 5 pín in, láìsí pé ẹnikẹ́ni pè é ní iṣẹ́ ilé. Nígbà tí olùwádìí Jill Posner fi àwọn ọmọ Júlà oníṣòwò wé ọmọ Baoulé àgbẹ̀ ní Côte d'Ivoire, nínú iṣẹ́ tó tẹ̀ jáde ní 1982, ó rí i pé ọgbọ́n ìṣirò àwọn Júlà já fáfá, kódà láàárín àwọn tí kò lọ sílé ẹ̀kọ́.

Ọmọ Yorùbá náà wà níbẹ̀, pàápàá ọmọ àwọn ará Èjìgbò tí wọ́n ń pè ní Anago. 80 kò lè dààmú rẹ̀: ogún mẹ́rin ni Faransé ń kà á, ogún mẹ́rin náà ni ọgọ́rin. Orí 90 ni ọ̀nà ti pín. Faransé fi mẹ́wàá kún 80. Àádọ́rùn-ún yọ mẹ́wàá kúrò nínú 100. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fi 90 kún 345, tó kọ́kọ́ dé 445 kó tó padà sí 435, olùkọ́ tí kò gbọ́ Yorùbá rárá, bó bá mọṣẹ́, á béèrè bó ṣe ṣe é, á kọ ọ̀nà náà sójú pátákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti inú ìwé. Lẹ́yìn náà, á pe 345 àti 98, kó lè mọ àwọn tó máa tẹ̀ lé ọmọ náà.