Ta Ni Ó Ni Agbo Eré? Àgbéyẹ̀wò Mbari Ìbàdàn àti Mbari Mbayọ̀ Òṣogbo

Ìfáàrà

Bí ọ̀rọ̀ eré orí ìtàgé bá délẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀ Yorùbá, ohun mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń tẹnu mọ́: eré alárìnjó, tí J. A. Adédèjì ṣe ìwádìí ìjìnlẹ̀ lé lórí ní Yunifásítì Ìbàdàn. Eré àwọn ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò, tí Hubert Ògúndé bẹ̀rẹ̀ ní 1944. Àti eré inú gbọ̀ngàn yunifásítì. Èyí tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ kà sí ni agbo eré kékeré àdúgbò. Èyí ni ilé tí kò tóbi ju ilé gbígbé lọ, tí àgbàlá rẹ̀ di ìtàgé, tí òǹwòran jókòó sún mọ́ òṣèré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń rí òógùn ojú rẹ̀.

Iṣẹ́ yìí gbé méjì irú agbo bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò: Mbari tí ó wà ní agbègbè Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn, àti Mbari Mbayọ̀ ti Òṣogbo. Tíọ́rì ìfojú-àwùjọ-wò ni a gùn lé. Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí ń wá ìdáhùn sí ni pé, ta ni ó ni agbo eré: ẹni tí ó dá a sílẹ̀ ni, àbí àwọn tí ó yí i ká?

Mbari ní Dùgbẹ̀

Ọdún 1961 ni a dá Mbari sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Lára àwọn tí ó wà nídìí rẹ̀ ni Ulli Beier, ọmọ Jámánì, Wọlé Ṣóyínká, Chinua Achebe, Christopher Okigbo, J. P. Clark, àti Ezekiel Mphahlele, ọmọ South Africa, tí ó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ náà. Orúkọ ẹgbẹ́ náà wá láti inú èdè Ìgbò. Mbari ni ilé ère tí àwọn ará agbègbè Owerri máa ń fi amọ̀ mọ fún Ala, òrìṣà ilẹ̀. Bí wọ́n bá mọ ọ́n tán, wọn a fi í sílẹ̀ fún òjò àti oòrùn, nítorí pé mímọ rẹ̀ gan-an ni ìrúbọ náà.

Ilé oúnjẹ àwọn ará Lẹ́bánónì ni ilé tí wọ́n lò tẹ́lẹ̀. Àlejò tí ó bá fẹ́ wo eré níbẹ̀ yóò gba àárín èrò ọjà Dùgbẹ̀ àti Gbági kọjá, yóò wọlé, yóò bá àwọn àwòrán tí a fi kọ́ ara ògiri pàdé, kí ó tó bọ́ sí àgbàlá tí a kò bo orí rẹ̀. Níbẹ̀ ni eré ti ń wáyé. Ní ilé yìí kan náà ni Uche Okeke àti Demas Nwoko ti pàtẹ iṣẹ́ ọnà wọn ní 1961, tí Jacob Lawrence, ayàwòrán ọmọ Amẹ́ríkà, sì ti pàtẹ tirẹ̀ ní 1962. Mbari tún ń tẹ ìwé jáde. Òun ni ó tẹ Song of a Goat ti Clark ní 1961 àti Heavensgate ti Okigbo ní 1962.

Àǹfààní ibi kékeré báyìí kò ṣe é fojú rénà. Òǹkọ̀wé tí kò ì tíì lórúkọ rí ibi tí yóò ti dán iṣẹ́ rẹ̀ wò lójú àwọn tí yóò sọ òótọ́ fún un. Bí eré kò bá dùn, àgbàlá kò láyè tí òṣèré yóò fi sá pamọ́.

Àbùkù kan wà níbẹ̀ ṣá. Àárín ọjà ni Mbari wà, ṣùgbọ́n kò di ti ọlọ́jà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ eré àti ìwé ibẹ̀. Ẹni tí ó ń ta aṣọ ní Gbági lè máa gbọ́ ohùn òṣèré láti òde, síbẹ̀ èdè tí ó ń gbọ́ kì í ṣe èyí tí ó fi ń ná ọjà. Ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀kùn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó pè é wọlé. Lámèyítọ́ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra níbí o. Ìjọ́ ni Clark, Ìgbò ni Achebe àti Okigbo, ọmọ South Africa ni Mphahlele. Bí kò bá sí Gẹ̀ẹ́sì, báwo ni wọn ìbá ṣe gbọ́ ara wọn yé? Èdè tí ó kó àwọn òǹkọ̀wé jọ náà ni ó yà wọ́n kúrò lára àdúgbò.

Láti Dùgbẹ̀ dé Òṣogbo

Dúró Ládiípọ̀ ni afárá tí ó so agbo méjèèjì pọ̀. Olùkọ́ ni kí ó tó di gbajúmọ̀ òṣèré. Nígbà tí ó mú ìlù ìbílẹ̀ wọ inú orin ìjọ ní Òṣogbo, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀, nítorí pé ìlù òrìṣà ni àwọn kan nínú ìjọ ka ìlù bẹ́ẹ̀ sí. Àgbàlá Mbari ní Ìbàdàn ni ó ti rí àyè gbé orin Kérésìmesì rẹ̀ jáde ní 1961. Ohun tí ṣọ́ọ̀ṣì kò gbà, agbo kékeré gbà á.

Ládiípọ̀ padà sílé, ó sì sọ ilé tirẹ̀, tí ó ti ń lò fún ọtí títà, di agbo eré ní 1962. Ọba Mọ́rò ni ó fi ṣí i. Nígbà tí àwọn ará Òṣogbo gbọ́ orúkọ náà, Mbari, wọn kò bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ Ìgbò. Etí Yorùbá ni wọ́n fi gbọ́ ọ: ǹ bá rí i, ǹ bá yọ̀. Báyìí ni ó ṣe di Mbari Mbayọ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ ni èyí. Àdúgbò tí ó tún orúkọ agbo sọ ti gba agbo náà tọ́.

Ìyókù tẹ̀ lé e. Ọba Kò So jáde ní 1963, ó dé Berlin ní 1964, ó sì dé London ní 1965. Ìjìnlẹ̀ Yorùbá, oríkì àti ìlù bàtá ni wọ́n gbé dé ibẹ̀. Àwọn tí ó ń ṣiṣẹ́ nídìí eré náà tún rí ọ̀nà mìíràn. Jimoh Buraimoh ń bójú tó iná ìtàgé, Muraina Oyelami jẹ́ òṣèré, àwọn méjèèjì sì di ayàwòrán tí òkìkí wọn kàn nípasẹ̀ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà tí a ṣe níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò bèèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó wọlé.

Owó àti ọjọ́ orí agbo

Owó òkèèrè ni Mbari Ìbàdàn gbára lé jù. Congress for Cultural Freedom, tí olú iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Paris, wà lára àwọn tí ó ràn án lọ́wọ́. Ní 1967, ó hàn sí gbogbo ayé pé CIA, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, ni ó ń fún àjọ náà lówó. Kò sí ìdí láti sọ pé àwọn òǹkọ̀wé náà mọ̀, iṣẹ́ wọn kò sì jọ ti ẹni tí a rán níṣẹ́. Síbẹ̀, agbo tí àdúgbò kò bọ́ kò lè retí pé kí àdúgbò gba òun sílẹ̀. Beier fi Nàìjíríà sílẹ̀ ní ìparí 1966. Ní 1967, ogun abẹ́lé mú Okigbo lọ, wọ́n sì ju Ṣóyínká sí ẹ̀wọ̀n títí di 1969. Nígbà tí àwọn tí ó ni ín tú ká, ọlọ́jà Dùgbẹ̀ ń bá ọjà rẹ̀ lọ.

Ọwọ́ Beier wà nínú ti Òṣogbo náà, a kò lè fi èyí pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ Ládiípọ̀ ní ohun tí Mbari Ìbàdàn kò ní, ìyẹn òǹwòran tí ó ń fi owó ara rẹ̀ wọlé láti ìlú dé ìlú. Eré rẹ̀ dé orí tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú Bódé Wáàsinmi, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà títí ikú fi mú un lọ ní 1978.

Ẹ̀kọ́ fún olùkọ́

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń ka eré onítàn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé ìtàn àròsọ: ẹ̀dá ìtàn, kókó ọ̀rọ̀, ọgbọ́n ìsọ̀tàn, ó parí. Ọba Kò So tí a kà lórí ìjókòó láìsí bàtá ti pàdánù ìdajì ara rẹ̀. Olùkọ́ kò nílò gbọ̀ngàn ńlá kí ó tó tún èyí ṣe. Ẹ̀yìn kíláàsì tó, abẹ́ igi tó, àgbàlá ilé kan ní Àgbowó tàbí Bódìjà tó. Ní Ìbàdàn yìí kan náà, Demas Nwoko fi ohun èlò ilẹ̀ wa kọ́ ilé iṣẹ́ ọnà sí Mọ́kọ́lá, ó sì fi ìtàgé ìta gbangba sí i. Àwọn ará Venice fún un ní àmì ẹ̀yẹ Kìnnìún Wúrà ní 2023 fún iṣẹ́ ìgbésí ayé rẹ̀.

Ìkádìí

Àgbéyẹ̀wò yìí fi hàn pé wíwà láàárín àdúgbò kò tó láti sọ agbo eré di ti àdúgbò. Mbari Ìbàdàn la ọ̀nà, ìyìn rẹ̀ kò sì ṣe é gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá sí àgbàlá Dùgbẹ̀, bóyá ni Mbari Mbayọ̀ ìbá wáyé. Ṣùgbọ́n Òṣogbo ni àwọn ará ìta ti fi ẹnu ara wọn sọ agbo lórúkọ. Olùkọ́ tí ó bá kó akẹ́kọ̀ọ́ jáde ṣeré, kí ó wo ẹ̀yìn àwọn òbí àti olùkọ́ tí a fìwé pè. Bí alákàrà ẹnu ọ̀nà bá gbé agbada rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ láti wòran, tí ó sì bèèrè ìgbà tí wọn yóò tún ṣe òmíràn, agbo náà ti ní olówó.