Ẹni Tó Ń Pinnu Ibi Tí Àwọ̀n Yóò Balẹ̀

Láti Ẹgàn dé ọjà Ìgàndò, ojú ọ̀nà kì í ṣófo ẹja. Títù àti kòtè wà nínú páálí tí yìnyín ti mú gan, ṣáwá yíyan wà nínú agbọ̀n, àpò inú òkun wa náà sì wà níbẹ̀, tí àwọn ìyá ẹlẹ́ja máa ń tò sórí ọpọ́n kí ara rẹ̀ lè máa dán sí oníbàárà. A máa ń yin apẹja tó rí i pa, a sì máa ń yin ìyá tó mọ iná tí a fi ń yan án. Ẹnìkan wà tí ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kì í kan ẹja rárá nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ bá le jù. Ó jókòó ti tábìlì, ó tẹ́ àwòrán òkun síwájú, ó fi pẹ́ńsù fa ìlà, ó sì sọ fún kápítẹ́ènì pé: níhìn-ín ni kí ẹ ti ju àwọ̀n, fún wákàtí kan péré, kí ẹ kó o sókè, kí ẹ sì máa lọ. Bí ẹja bá ń fò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ níbòmíràn, ẹ má yà síbẹ̀.

Ìwádìí ẹja lójú òkun, tí orílẹ̀-èdè púpọ̀ pawọ́ pọ̀ ṣe, ló ń béèrè irú ẹni bẹ́ẹ̀. Èyí tó wù mí jù nínú wọn, ìlú Èkó níbí ni ọ́fíìsì àwọn tó ni ín wà nígbà náà.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1963, ọkọ̀ apẹja méjì, Thierry àti La Rafale, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n pè ní Guinean Trawling Survey. Wọ́n fẹ́ mọ irú ẹja tó ń gbé ìsàlẹ̀ òkun láti Cape Roxo, níbi tí Senegal ti bá Guinea-Bissau pààlà, títí dé ẹnu odò Kóńgò: kí ni orúkọ rẹ̀, báwo ló ṣe pọ̀ tó, inú omi wo ló fẹ́ràn. Ìgbìmọ̀ CCTA, tí àwọn ìjọba tó ń ṣàkóso Áfíríkà dá sílẹ̀ ní 1950 fún àjùmọ̀ṣe lórí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ ọwọ́, ló dá iṣẹ́ náà sílẹ̀. Àjọ USAID ti Amẹ́ríkà fi owó ràn án. Frank Williams, onímọ̀ ẹja tó ti ṣiṣẹ́ ní Zanzibar tẹ́lẹ̀, ni wọ́n fi ṣe olùdarí.

Ẹ jẹ́ ká wo ọdún tí ó bọ́ sí. Ní oṣù kìíní 1963, wọ́n pa Sylvanus Olympio, ààrẹ Tógò. Ní oṣù karùn-ún, àwọn olórí Áfíríkà pàdé ní Addis Ababa, wọ́n dá àjọ ìṣọ̀kan wọn, OAU, sílẹ̀. Ní oṣù kẹjọ gan-an tí ọkọ̀ méjèèjì gbéra, àwọn ará Brazzaville lé Fulbert Youlou kúrò lórí oyè. Ní oṣù kẹwàá, ológun gba ìjọba ní Dahomey, tí a ń pè ní Benin lónìí, Nàìjíríà sì di orílẹ̀-èdè olómìnira tó ní ààrẹ tirẹ̀. Láàárín Cape Roxo sí Kóńgò, Potogí ṣì wà ní Guinea-Bissau àti Cabinda, Sípéènì ṣì wà ní Rio Muni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kù ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ni, kò tíì pé ọdún mẹ́rin. Ẹni tó ń ṣètò ní láti mọ èbúté tí ọkọ̀ yóò ti ra dísù, ibi tí yóò ti gba omi àti yìnyín, ta ni yóò buwọ́ lu ìwé, àti èdè wo ni yóò fi kọ ọ́, Faransé tàbí Gẹ̀ẹ́sì. Ìgbìmọ̀ tó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ pàápàá kò wà títí tí iṣẹ́ fi parí: OAU gbà á wọlé, ó di ẹ̀ka rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní STRC. Síbẹ̀ ìlà tí wọ́n fà sórí àwòrán òkun kò yẹ̀.

Ìlà ọ̀hún ni ọgbọ́n gbogbo rẹ̀ wà. Wọ́n fa ju 60 lọ, ìkọ̀ọ̀kan gbéra létíkun ó sì dorí kọ inú ibú, nǹkan bíi 40 máìlì òkun láàárín ọ̀kan sí èkejì. Lórí ìlà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti sàmì sí ibi tí àwọ̀n yóò balẹ̀, wọ́n sì fi jíjìn omi yàn án: mítà 15 sí 20, 30, 40, 50, 70, 100, 200, àwọn mìíràn sì kọjá bẹ́ẹ̀. Wákàtí kan ni àwọ̀n yóò fi wọ́ nílẹ̀ òkun níbi kọ̀ọ̀kan.

Apẹja tó bá gbọ́ èyí á rẹ́rìn-ín. Ibi tí ẹja wà ni apẹja ń lọ. Ibi tó ti sọ pé òun yóò lọ ni olùwádìí ń lọ, yálà ẹja wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Àwọ̀n tó gòkè láìní nǹkankan nínú, òfo ni fún apẹja. Fún olùwádìí, ìdáhùn kan ni, ó sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe kọ èyí tó kún. Bí ó bá ń sá tẹ̀lé ẹja kiri, yóò padà wálé pẹ̀lú ìròyìn ayọ̀ pé òkun kún, ọdún tó tẹ̀ lé e ni ojú rẹ̀ yóò tó là. Bí ìyá onígààrí ní Ìgàndò bá ń pààrọ̀ kọ́ńgò rẹ̀ láti ọwọ́ oníbàárà kan sí èkejì, kò sẹ́ni tó lè sọ iye tí gààrí ń lọ lọ́jà. Àwọ̀n ni kọ́ńgò ìwádìí. Ìdí nìyẹn tí ìwọ̀n ojú rẹ̀, ìyára ọkọ̀ tó ń fà á, àti àkókò tó lò nílẹ̀ fi gbọ́dọ̀ jẹ́ bákan náà láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ ìkẹyìn.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ọkọ̀ ìwádìí Dr. Fridtjof Nansen, tí mo ń bọ̀ wá bá, máa ń wọ́ àwọ̀n fún ìdajì wákàtí ní ìyára nọ́ọ̀tì 3. Máìlì òkun kan àbọ̀ nìyẹn, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 2.8. Ẹnu àwọ̀n rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 18.5. Ilẹ̀ òkun tó gbá jẹ́ nǹkan bíi mítà 51,000 níbùú lóròó. Wọn ẹja tó gòkè, pín in sórí ilẹ̀ yẹn, o ti mọ iye tó ń gbé lórí rẹ̀. Gbogbo ẹ̀tàn ibẹ̀ wà nínú ohun tí a kò wọ̀n dáadáa.

Ẹ bá mi ṣírò ọjọ́ kan. Kí wọ́n tó ju àwọ̀n, wọ́n ní láti wo ilẹ̀. Ó tún di kí wọ́n wọ́ ọ fún wákàtí kan, kí wọ́n fà á sókè, kí wọ́n da ẹja sórí pákó, kí wọ́n ṣà á ní irú-irú, kí wọ́n kà á, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí ọkọ̀ tó rìn dé àmì tó kàn. Wákàtí méjì lè lọ lórí ibì kan ṣoṣo. Ojúmọmọ wa kò fi bẹ́ẹ̀ ju wákàtí méjìlá lọ, ẹja púpọ̀ sì máa ń kúrò nílẹ̀ òkun lálẹ́, nítorí náà ẹni tó bá da ọ̀sán pọ̀ mọ́ òru ti ba òṣùwọ̀n rẹ̀ jẹ́. Àmì méje tàbí mẹ́jọ lórí ìlà kan lè gbà ju ojúmọmọ ọjọ́ kan lọ, kí a tó sọ̀rọ̀ ìjì tàbí ẹ̀rọ tó kú. Ìlà tó ju 60 lọ, ọkọ̀ méjì, láti Senegal dé Kóńgò. Ẹ rí i pé ẹni tó fa ìlà wọ̀nyẹn mọ iye agbára tó ń béèrè lọ́wọ́ ènìyàn.

Òkun wa kì í rí bákan náà yípo ọdún. Láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, omi tútù máa ń ru láti ìsàlẹ̀ wá sókè ní etíkun Côte d'Ivoire àti Ghana, ìgbà náà sì ni ṣáwá máa ń wọ́ wá. Bí ó bá yá, omi gbígbóná á tún gba ojú òkun. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fi rin àwọn ìlà náà nítorí èyí: láti oṣù kẹjọ sí oṣù kejìlá 1963, àti láti oṣù kejì sí oṣù kẹfà 1964. Níbí ni mo ti rí àléébù kan. Ibi tí ọkọ̀ dé ní oṣù kẹjọ àti ibi tó dé ní oṣù kejìlá kò lè wà nínú àsìkò kan náà, bó ti wù kí ìlà náà tọ́ tó. Ọkọ̀ mẹ́rin ì bá tún un ṣe, ṣùgbọ́n ta ni yóò san owó rẹ̀?

Ilẹ̀ òkun pẹ̀lú ní tirẹ̀. Ní iwájú Lékkí, ọ̀gbun ńlá kan là á kọjá, Avon Canyon ni orúkọ rẹ̀. Ní iwájú etíkun Niger Delta, iyùn tó ti kú láti ayébáyé dúró bí òkè kéékèèké. Àwọn olùwádìí méjì, Allen àti Wells, ti kọ̀wé lé e lórí ní 1962. Àwọ̀n tó bá kọ́ iyùn, yíya ni yóò ya, owó àwọ̀n sì ti wọ omi. Olùṣètò tó gbọ́n á fi àyè sílẹ̀: bí àmì kò bá ṣeé dé, ìwọ̀n ibi tí ọkọ̀ lè sún sí ti wà nínú ètò kí ọkọ̀ tó gbéra, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ìfẹ́ inú rẹ̀ yàn án lójú òkun.

Ẹja tó gòkè pẹ̀lú ní ohun tó lè sọ. Ẹni tó bá ti se àpò rí mọ òkúta funfun méjì tó máa ń bá nínú orí rẹ̀. Òkúta etí ni. Bí wọ́n bá gé e tí wọ́n fi ẹ̀rọ amúǹkantóbi wò ó, ìlà inú rẹ̀ lè sọ ọjọ́ orí ẹja. E. O. Bayagbona, onímọ̀ ẹja ọmọ Nàìjíríà, ti ń kọ̀wé lórí àpò inú òkun Èkó ní 1963 yẹn kan náà. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára ọkọ̀ ìwádìí NIOMR, ilé ìwádìí òkun tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1975, tó wà ní Victoria Island.

Àwọn olùwádìí ẹja salmon ń jẹ àǹfààní òkúta kan náà. Odò ni salmon ti ń pamọ, inú òkun ló ti ń dàgbà, odò tí wọ́n bí i sí ló sì ń padà sí. Ní ilé ìpamọ ẹja, wọ́n máa ń mú omi gbóná, wọ́n á tún mú un tutù, kí àmì lè wà lára òkúta etí ọmọ ẹja láti kékeré. Ẹni tó bá mú un lẹ́yìn ọdún díẹ̀ lójú agbami á mọ ilé tó ti wá. Ní ọjọ́ 16 oṣù kejì 2019, ọkọ̀ Rọ́ṣíà kan, Professor Kaganovsky, gbéra ní Vancouver lọ sí Gulf of Alaska nínú òtútù. Onímọ̀ 21 láti Kánádà, Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà, Japan àti Gúúsù Kòríà ló wà nínú rẹ̀. Richard Beamish, onímọ̀ ará Kánádà tó ti fẹ̀yìn tì, ló ṣáájú ètò náà, tó sì wá owó tí wọ́n fi háyà ọkọ̀. Rọ́ṣíà àti Amẹ́ríkà kò ṣe ọ̀rẹ́ lọ́dún náà, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ wọn jọ ṣa ẹja lórí pákó kan.

Lóde òní, ìwé ló tún pọ̀ ju omi lọ. Ní 1978 ni Nàìjíríà fi òfin gba máìlì òkun 200. Òfin òkun àgbáyé ti 1982 ní kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìwádìí nínú omi onílùú kọ̀wé ṣáájú, ó kéré tán oṣù mẹ́fà, kí ó gba ọmọ onílùú sínú ọkọ̀ bí wọ́n bá fẹ́, kí ó sì fún wọn ní èsì. Nansen ni mo rí tó mọ ọ̀nà yìí jù. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó jẹ́ orúkọ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975. Ẹ̀kẹta, tó gùn ní mítà 74.5, ni wọ́n ṣí ní Oslo ní 2017. Nọ́wè ló ń gbọ́ bùkátà rẹ̀, orílẹ̀-èdè tí pànlá gbígbẹ rẹ̀ kò ṣàjèjì nínú ìkòkò wa; FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé, ló ń bá wọn darí rẹ̀, àsíá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló sì ń fẹ́ lórí rẹ̀. Àsíá yẹn gan-an jẹ́ ara ètò. Ọkọ̀ tó gbé àsíá ìlú kan, ìbéèrè ni yóò bá pàdé ní gbogbo ààlà.

Kí ló ti inú iṣẹ́ 1963 jáde? Ní 1968, STRC tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní Èkó, ìdìpọ̀ mẹ́ta, àkọ́kọ́ nìkan ju ojú ìwé 800 lọ. Lọ́dún náà, Edward Fager àti Alan Longhurst, tó ti ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ẹja ti ìjọba àpapọ̀ ní Èkó, kó àwọn nọ́ńbà náà sínú kọ̀ǹpútà láti béèrè irú ẹja tó máa ń bá ara wọn rìn. Ó hàn kedere: àpò àti àwọn ẹbí rẹ̀ wà nínú omi gbígbóná lórí ẹrẹ̀, àwọn ẹja mìíràn wà nísàlẹ̀ níbi omi tútù àti iyanrìn. Ìbéèrè yẹn ṣeé dáhùn nítorí pé àwọn tó ju àwọ̀n kò ju ú síbi tó wù wọ́n, àti nítorí pé wọ́n kọ òfo sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti bá òfo.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹja ní LASU, tí ẹ̀ ń gba iwájú Ẹgàn kọjá lọ sí Ọ̀jọ́ lójoojúmọ́, ẹ béèrè fún ìdìpọ̀ àkọ́kọ́ ìwé náà. Kí ẹ tó ka àbájáde, ẹ kọ́kọ́ ka ibi tí wọ́n ti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe yan ìlà.